Bí Awò Ṣe Wọ Ojú Ọ̀nà Itọ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 1660, Niels Stensen, ọmọ Dẹ́nmáàkì tó jẹ́ ẹni ọdún 22, ń la orí àgùntàn wò ní Amsterdam. Bó ti ti irin tín-ín-rín kan bọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹran náà, ó gbọ́ tí irin kan eyín. Ojú ọ̀nà tí itọ́ ń gbà láti ẹ̀bá etí bọ́ sẹ́nu ló rí yẹn. Ó fi han ọ̀gá rẹ̀, Gerard Blasius, ẹni tó ní bóyá irin ọmọ náà ló dá ihò lu. Kò pẹ́ tí ọ̀gá yìí kan náà fi ń sọ pé òun lòun kọ́kọ́ rí i! Ìjà ńlá dé, ṣùgbọ́n orúkọ Stensen layé fi ń pe ọ̀nà náà dòní. Ọ̀nà itọ́ ti abẹ́ àgbọ̀n ti ní orúkọ tirẹ̀ ṣáájú: Thomas Wharton, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1656.

Irin wọlé ní 1660, ṣùgbọ́n ojú kò tẹ̀lé e wọlé àfi lẹ́yìn nǹkan bí 330 ọdún. Àwọn dókítà kúkú mọ̀ pé àìsàn wà níbẹ̀. Òkúta a máa dì nínú ọ̀nà itọ́, bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ sì ń wà lábẹ́ àgbọ̀n. Bí aláìsàn bá fẹ́ jẹun, itọ́ á sun, kò ní rọ́nà jáde, ibẹ̀ á wú, á sì máa ro ó. Tó bá jẹun tán, á tún rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ṣegede ni, bẹ́ẹ̀ ṣegede kì í wo àsìkò oúnjẹ.

Ohun tó dá ojú dúró ni pé ọ̀nà náà há jù: kò fẹ̀ ju bíi mìlímítà kan sí ọ̀kan ààbọ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ tún wá há ju inú lọ. Ìka ni dókítà fi ń wá òkúta. Nígbà tí ẹ́síréè dé, wọ́n ń fa òògùn tó ń hàn nínú àwòrán sínú ọ̀nà náà. Òjìji lásán nìyẹn, òkúta tí kò le tó kì í sì í hàn nínú ẹ́síréè. Nítorí náà, wọ́n sábà máa ń gé gbogbo ẹ̀yà tó ń ṣe itọ́ náà kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣan tó ń darí ètè ìsàlẹ̀ wà nítòsí, tí ọ̀bẹ bá sì kàn án, ẹnu lè wọ́.

Ìgbà tí okùn gíláàsì tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Philippe Katz ní Paris ti awò tí kò nípọn ju mìlímítà 0.8 lọ bọ inú ọ̀nà itọ́. Láàárín ìgbà kan náà, àwọn dókítà Jámánì ń fi irú awò bẹ́ẹ̀ ṣọ́nà fún lésà àti ìgbì tó ń fọ́ òkúta. Oded Nahlieli ní Ísírẹ́lì gbé tirẹ̀ jáde ní 1994. Lójú tèmi, Francis Marchal ní Geneva ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́: awò tirẹ̀ kò rọ̀ jù, kò sì gan jù, ó láyè fún omi àti irinṣẹ́, Marchal sì dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2002.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú ibẹ̀ kú, wọ́n á fẹ ẹnu ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi omi oníyọ̀ ṣí i níwájú awò, dókítà á sì máa wo gbogbo rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tí awò fi hàn ya àwọn dókítà lẹ́nu, torí kì í ṣe òkúta nìkan ló ń dí ọ̀nà. Ibòmíràn, ara ọ̀nà ló ti sún kì. Ibòmíràn, ikun tó ki ni. Nínú àwọn ọmọdé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń wú léraléra, ara ọ̀nà náà ń funfun, kò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Irú èyí ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú sí àwọn tó gba ayódínì onítànṣán fún jẹjẹrẹ tàírọ́ìdì, ẹ̀yà kan ní ọrùn. Ẹ́síréè kò lè fi àwọ̀ ara ọ̀nà hàn báyìí.

Awò kì í rí kókó tó wà lóde ọ̀nà, wọn kì í sì í tì í wọlé nígbà tí ibẹ̀ ń ṣọyún lọ́wọ́. Síbẹ̀, ìwádìí tí Heinrich Iro àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2009 lórí aláìsàn 4,691 fi hàn pé pẹ̀lú awò, ìgbì tó ń fọ́ òkúta àti iṣẹ́ abẹ kékeré láti ẹnu, àwọn tí wọ́n gé ẹ̀yà náà fún kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n yín bá ń wú nídìí oúnjẹ, tó sì ń rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kí ẹ sì sọ àsìkò tó ń wú fún un.