ARÓ: ABÚLÉ TÍ Ó DI ILÉ ÌWÒSÀN

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òwe yìí fi yé ni pé láti ayébáyé ni àìsàn ọpọlọ ti jẹ́ ẹrù wúwo lórí ẹbí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ọ̀nà tí wọ́n yàn ni pé kí a mú wèrè kúrò láàárín ìlú. Ní 1907 ni wọ́n ṣí ilé wèrè Yábàá ní Èkó. Ìsémọ́lé ni ó pọ̀ níbẹ̀ ju ìwòsàn lọ. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní tiwọn mọ asofẹ́yẹjẹ àti àwọn ewé mìíràn tí í mú ara wèrè rọ̀, ṣùgbọ́n ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹni tí ó wá ọ̀nà kẹta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ti ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1954, nígbà tí ilé ìwòsàn Aró kò tíì parí, ó bá àwọn àgbẹ̀ abúlé mẹ́rin tí ó yí i ká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n sì máa gba owó ilé. Dandan ni kí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan mìíràn bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Láàárọ̀, wọn a lọ sí ilé ìwòsàn fún oògùn òyìnbó; lẹ́yìn náà, wọn a padà sí abúlé, sí oko, eré àti ayẹyẹ. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí aláìsàn gbà gbọ́ nípa orí, èpè àti ìjà ẹbí. Dókítà tí kò béèrè ìwọ̀nyí, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó gbọ́.

Òkìkí Aró kàn. Ní 1961, Abẹ́òkúta gba àlejò ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà. Lámbò di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé kí ó tó papò dà ní 2004.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan kù: ta ni yóò sin ẹni tí ẹbí rẹ̀ jìnnà? Ẹ wo Idu ní Àbújá, ilẹ̀ Gbàgyí tí onírúurú ẹ̀yà ti wá ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1987 wà. Láti inú àgbo Yorùbá tí a fi iyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ṣe ni wọ́n ti ṣe Niprisan fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ewé ṣeé gbé dé Idu. Ẹbí àti èdè aláìsàn kò ṣeé rọ sínú ìgò. Nítorí náà, kì í ṣe àṣà Ẹ̀gbá ni ó yẹ kí a gbé fún Gbàgyí, Haúsá tàbí Ígbò. Ohun tí ó yẹ ní kíkọ́ lára Aró ni pé kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí aláìsàn jẹ́ àti ẹni tí ó fọkàn tán.

Ní 2023 ni òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Òfin lè tú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ènìyàn ni yóò gba aláìsàn sílé. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ni ó yẹ kí a wò kí a tó wo aláìsàn.