Ọ̀nà Èédú Tó Di Ọ̀nà Fàájì

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọmọ ti padà sí iléèwé, tí ewé igi sì ń pọ́n kó tó wọ́ dànù, àwọn kan a máa lọ háyà ọkọ̀ ojú omi kan tó gùn gbọọrọ, tó sì tín-ín-rín. Wọn a kó oúnjẹ, bàtà òjò àti aṣọ òtútù sínú rẹ̀, wọn a sì máa fi rìn lórí kánáàlì fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin kò gbà kí ọkọ̀ náà sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí omi lè kí wọn, kó bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, kó sì tún yà wọ́n sílẹ̀. Nínú irú ìrìn àjò yìí, ìbéèrè pé "níbo lẹ ń lọ?" kò fi bẹ́ẹ̀ nítumọ̀.

Ìgbà ìwọ́wé ní adùn tirẹ̀ lórí omi, ó sì ní wàhálà tirẹ̀. Èrò ti dín kù. Ìkùukùu a máa bo ojú omi láàárọ̀. Sítóòfù onírin kékeré kan máa ń wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi èédú tàbí igi dáná sí, òun ló ń mú inú ọkọ̀ móoru. Ṣùgbọ́n ewé tó já bọ́ a máa kóra jọ sínú omi bí ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò, a sì wé mọ́ abẹ tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Awakọ̀ á ní láti fẹ̀yìn rìn díẹ̀ kí ewé náà lè tú kúrò. Ilẹ̀ tún ń tètè ṣú. Nígbà tí wọ́n bá ti yí aago padà ní ìparí oṣù Kẹwàá, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti di òkùnkùn, ẹni tí kò bá tètè wá ibi so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ti wọ gbèsè. Láti oṣù Kọkànlá ni àjọ Canal & River Trust, tó ń bójú tó nǹkan bí 2,000 máìlì omi ní England àti Wales láti ọdún 2012, máa ń ti àwọn ibì kan pa, tí wọ́n á fa omi ibẹ̀ gbẹ kí wọ́n lè tún un ṣe. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìsinmi náà fi máa ń parí kí ewé tó wọ́ tán.

Ẹ lè bi wá pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú fàájì òyìnbó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Omi tí wọ́n ń ṣe fàájì lórí rẹ̀ yìí, ojú ọ̀nà iṣẹ́ ni. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Àwọn ìdílé kan gbé orí rẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sì kú síbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà, ohun tí wọ́n mọ̀ kò sì sí nínú ìwé, ẹnu àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e fún ọmọ. Àwa tí a ń fi ojoojúmọ́ jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó kọ ìtàn àwọn tí kò kọ̀wé, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ wá lógún.

Èédú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́ ọlọ́lá kan, Duke of Bridgewater, ní ibi ìwakùsà èédú ní Worsley, nítòsí Manchester. Èédú pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ilẹ̀ burú, owó tí ẹṣin fi ń kó o dé ọjà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó èédú fúnra rẹ̀ lọ. Ó pe James Brindley, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ ọlọ ni iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì mọ̀wé kọ dáadáa. Wọ́n ní bí ìṣòro bá ta kókó, Brindley á lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kò ní dìde títí yóò fi rí ojútùú rẹ̀. Ní 1761, wọ́n ṣí ọ̀nà omi náà, ó sì gba orí afárá kọjá lókè odò Irwell, omi lórí omi. Owó èédú ní Manchester wálẹ̀ dé bí ìdajì. Gbogbo ẹni tó ní ọjà láti kó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kánáàlì tirẹ̀. Josiah Wedgwood, oníṣẹ́ amọ̀ ní Staffordshire, wà níwájú wọn, torí àwo ń fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà olókùúta. Òun fúnra rẹ̀ ló gé ebè àkọ́kọ́ ní 1766 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kánáàlì Trent àti Mersey.

Ibí yìí gan-an ni ọkọ̀ náà ti rí bó ṣe rí. Òkè kan, Harecastle, dí ọ̀nà. Brindley ní kí wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ihò tó gùn tó yáàdì 2,880. Bí ihò bá fẹ̀, owó á gọntiọ, torí náà ó ṣe é ní tóóró, ó sì ṣe àwọn yàrá omi ojú ọ̀nà ní tóóró bákan náà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 ní fífẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ìsinmi tí wọ́n kàn ní ọdún yìí ṣì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 10. Ìpinnu ọkùnrin kan ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn ló ń sọ bí bẹ́ẹ̀dì àwọn tó lọ ṣe fàájì lónìí ṣe gbọdọ̀ fẹ̀ tó.

Ó yẹ ká ṣàlàyé yàrá omi yẹn, nítorí òun ni gbogbo ẹni tó bá ti lọ máa ń ròyìn. Omi kì í gun òkè, ọkọ̀ ló ń fẹ́ gùn ún. Wọ́n á mọ yàrá olókùúta kan tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé láti ìsàlẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹnì kan á wá fi irin ọlọ́wọ́ yí ihò kékeré sílẹ̀ kí omi òkè lè ṣàn wọlé. Omi á máa gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi bá omi òkè dọ́gba, ìgbà náà ni ilẹ̀kùn iwájú á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí wọ́n ṣí òun. Igi gbọọrọ kan wà lára ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fi ìdí tì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí ẹnjìnnì. Ní Tardebigge, lójú ọ̀nà Worcester sí Birmingham, irú yàrá bẹ́ẹ̀ 30 ló tò tẹ̀ léra wọn. Ìdajì ọjọ́ lè lọ sí i fún arìnrìn-àjò. Ẹni tó bá sì ṣe é nínú òjò ìgbà ìwọ́wé, ó ti rí díẹ̀ nínú ohun tí ojú àwọn ará àtijọ́ rí.

Ta ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀? Ṣọ́bìrì, díígà àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ni irinṣẹ́ wọn. Navigation ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀nà omi náà nígbà yẹn, wọ́n wá ń pe àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ní navigator, ẹnu sì gé e kúrú sí navvy. Nígbà tí iṣẹ́ rélùwéè dé, orúkọ náà tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Orúkọ atukọ̀ ló di orúkọ lébìrà! Ihò Harecastle nìkan gba ọdún 11. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1777, Brindley sì ti kú ní 1772.

Kò sí ọ̀nà ẹṣin nínú ihò náà. Ẹṣin ló sì ń fa ọkọ̀, ẹṣin kan ṣoṣo lè fa nǹkan bí tọ́ọ̀nù 25 lórí omi. Tí wọ́n bá dé ẹnu ihò, wọ́n á tú ẹṣin, ọmọ á fà á gba orí òkè kọjá. Ọ̀nà kan ṣì wà lórí òkè náà tó ń jẹ́ Boathorse Road. Nínú òkùnkùn abẹ́ òkè, àwọn ọkùnrin á na ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ọkọ̀, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ògiri ihò bí ẹni ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ á máa lọ, fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ìgbà tí Thomas Telford gbẹ́ ihò kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1827 ni ẹṣin tó rọ́nà gbà.

Rélùwéè ló ba ọjà jẹ́. Owó ẹrù wálẹ̀, ọlọ́kọ̀ kò lè san owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kó aya àti ọmọ wọ inú ọkọ̀. Aya di òṣìṣẹ́ tí wọn kò sanwó fún, ọmọ di ẹni tó ń da ẹṣin. Yàrá ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10, kò sì fẹ̀ tó 7. Ibẹ̀ ni sítóòfù wà, ibẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń ká wọ ara ògiri wà, ibẹ̀ ni bàbá, ìyá àti gbogbo ọmọ ń sùn. Ìyókù ọkọ̀, ti ẹrù ni. Lára pátákó ọkọ̀ wọ́n kun òdòdó rose àti ilé olódi aláràbarà, wọ́n kùn ún sára garawa omi pàápàá. Ó wù wá, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra garawa bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ lónìí kì í sábà béèrè bí yàrá tí wọ́n gbé e jáde ṣe fẹ̀ tó.

George Smith ará Coalville, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ní ibi ìmọ bíríkì nígbà tó wà lọ́mọdé, ló pariwo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Òfin 1877 ní kí wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ ìgbé sílẹ̀, kí iye ènìyàn inú rẹ̀ má pọ̀ jù, kí ọmọ sì lọ sí iléèwé. Òfin 1884 fi alábòójútó kún un. Ṣùgbọ́n iléèwé wo ni ọmọ á lọ nígbà tí ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sùn síbì kan lẹ́ẹ̀mejì? A kò bu ẹnu àtẹ́ lu Smith, ó ṣe gudugudu méje. Síbẹ̀, ojú ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ ló fi wò wọ́n, ojú náà sì ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń wò wọ́n lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa pátápátá. Cadbury kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Bournville, nítòsí kánáàlì, ní 1879. Ní 1909 ó jáwọ́ nínú ríra kòkó São Tomé nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹrú, ó yíjú sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, pàápàá Gold Coast, èyí tó di Ghana. Láti 1911 ni wọ́n ti ń po kòkó àti ṣúgà pọ̀ mọ́ mílíìkì ní Knighton, ní Staffordshire, tí ọkọ̀ tóóró sì ń gbé e padà lọ sí Bournville. Èyí ń bá a lọ títí di 1961. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní bàbá àgbà tó gbin kòkó. Ọ̀nà tí kòkó ń gbà lẹ́yìn tó bá ti wọ ọkọ̀ òkun, ta ló máa ń bi wọ́n?

Bó ṣe di ọ̀nà fàájì wá nìyí. Ní 1939, ẹnjiníà kan, L. T. C. Rolt, àti ìyàwó rẹ̀ Angela gbéra ní Banbury nínú ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Cressy. Ìwé tó kọ nípa ìrìn àjò náà, Narrow Boat, jáde ní 1944. Robert Aickman kà á, ó kọ̀wé sí i, wọ́n pàdé ní Tardebigge ní 1945, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Inland Waterways Association sílẹ̀ ní 1946. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Aickman fẹ́ kí wọ́n jà fún gbogbo kánáàlì láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ní ti Rolt, àwọn tó ń fi omi náà jẹun ló kọ́kọ́ yẹ kí wọ́n gbà là, kí wọ́n jà fún èyí tí ẹrù ṣì lè rìn lórí rẹ̀. Ní 1951, wọ́n yọ Rolt kúrò nínú ẹgbẹ́ tó bá wọn dá sílẹ̀.

Tí a bá ń wo iye omi tó ṣẹ́ kù, Aickman ló jàre. Òfin tí Barbara Castle gbé kalẹ̀ ní 1968 dá ọ̀pọ̀ kánáàlì mọ̀ fún ìgbádùn lásán. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sì fi òpin ọ̀sẹ̀ wọn kó ẹrẹ̀ àti pàǹtírí jáde nínú èyí tí ìjọba pa tì, títí Ọbabìnrin fi wá tún kánáàlì Kennet àti Avon ṣí ní 1990. Láìsí wọn, kò sí ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni á háyà. Ṣùgbọ́n Rolt kò jẹ̀bi. Omi ni wọ́n gbà là, wọn kò gba iṣẹ́ orí rẹ̀ là. Nígbà òtútù 1962 sí 1963, yìnyín mú ọkọ̀ mọ́ ojú kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà tó sì máa fi yọ́, ọ̀pọ̀ oníbàárà ti gbé ẹrù wọn fún lọ́rí. Èyí tó pẹ́ jù nínú iṣẹ́ ẹrù ọ̀nà jíjìn ni èédú tí wọ́n ń kó láti Atherstone lọ sí ilé iṣẹ́ jáàmù kan ní Southall, ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní Jam 'Ole. Oṣù Kẹwàá 1970 ló parí, nígbà ìwọ́wé. Àwọn tó háyà ọkọ̀ lọ́dún yìí ṣì ń gba ọ̀nà kan náà, láti kánáàlì Coventry bọ́ sí ti Oxford, kí wọ́n tó já sí Grand Union ní Braunston.