Ìlà Kò Mọ Ògiri: Ìtàn Àwòrán Ilé Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó fi ìmọ̀ ṣe ọmọ ènìyàn lọ́lá. Nínú Súrà Al-Baqarah, Ó pa á láṣẹ fún àwa onígbàgbọ́ òdodo pé bí a bá yá ara wa lówó, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ìjà wọ àárín ẹni méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ rí: ohun tí ó dúró lórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tí ó wà nínú ìwé mu.

Láti ìgbà pípẹ́ ni ilé ńlá ti máa ń ní àkọsílẹ̀ oríṣi méjì. Nígbà tí Sinan, ọ̀gá àwọn ayàwòrán ilé lábẹ́ ìjọba Ottoman, ń kọ́ mọ́ṣáláṣí Süleymaniye ní ìlú Istanbul láàárín 1550 sí 1557, wọ́n ní ìwé ìṣirò tí wọ́n ń kọ owó iṣẹ́ àti ohun èlò sí. Àwọn ìwé náà ṣì wà títí di òní. Ṣùgbọ́n bí mọ́ṣáláṣí náà yóò ṣe rí, orí àwòrán àti inú ọpọlọ ọ̀gá ni ó wà. Àwòrán dá dúró, ìṣirò dá dúró. Ènìyàn ni ó ń so méjèèjì pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí títí di ayé àwọn bàbá wa. Ayàwòrán ilé a tẹ́ bébà sórí tábìlì, a mú rúlà àti gègé. Bí ó bá ṣi ìlà fà, a fi bíléèdì ha á kúrò. Ní 1963, Ivan Sutherland, akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ètò Sketchpad jáde, èyí tí ènìyàn fi ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú kálámù oníná. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ìgbà náà tóbi púpọ̀. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Autodesk gbé AutoCAD jáde ní 1982 fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni iṣẹ́ yìí tó tàn kálẹ̀. Òun ni à ń pè ní CAD.

CAD yára, ó mọ́ tónítóní. Síbẹ̀, ìlà ni ó ń fà, ìlà kò sì mọ ògiri. Bí o bá bi ìlà léèrè iye búlọ́ọ̀kù tí ògiri yóò gbà, kò ní fèsì. Àwòrán tí a wò láti òkè wà lọ́tọ̀, ti iwájú ilé wà lọ́tọ̀. Bí onílé bá ní kí a sún fèrèsé kan, a ó tún un ṣe lórí gbogbo wọn. Bí a bá gbàgbé ọ̀kan, bíríkìlà lè tẹ̀lé èyí, kí káfíńtà tẹ̀lé tọ̀hún. Àṣìṣe orí bébà kò ju kí a pa á rẹ́. Èyí tí a bá rí lẹ́yìn tí kọnkéré ti gan, òòlù àti owó ni yóò yanjú rẹ̀.

Ṣáájú AutoCAD ni Charles Eastman, olùkọ́ ní Carnegie Mellon, ti rí àlébù yìí. Ní 1975, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí kọ̀ǹpútà tọ́jú ilé fúnra rẹ̀, kì í ṣe àwòrán rẹ̀ nìkan. Ní Budapest, ilé-iṣẹ́ Graphisoft tí Gábor Bojár dá sílẹ̀ ní 1982 tọ ọ̀nà yìí pẹ̀lú ArchiCAD. Ní Amẹ́ríkà, Revit jáde ní 2000, Autodesk sì rà á ní 2002. Èyí ni BIM. Nínú rẹ̀, ògiri mọ gígùn àti gíga rẹ̀, ó sì mọ ohun tí a fi mọ ọ́n. Sún fèrèsé lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àwòrán yóò tẹ̀lé e. Bí páìpù omi yóò bá gba inú òpó ẹnjiníà kọjá, a ó rí i kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àwòrán àti ìwé ìṣirò, tí wọ́n wà lọ́tọ̀ láyé Sinan, ti wá di ọ̀kan. Láti 2016 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi í ṣe dandan fún iṣẹ́ ilé tí ìjọba àpapọ̀ wọn bá gbé jáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù November 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. A kò wí pé BIM ìbá dá a dúró. Ohun tí à ń wí ni pé ẹ̀mí ènìyàn wà lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́lé. Ẹ kọ́ CAD, ẹ kọ́ BIM. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kọ̀ǹpútà a máa tọ́jú irọ́ bí ó ti ń tọ́jú òtítọ́: bí a bá kọ irin nínípọn sínú rẹ̀, tí a sì fi tín-ín-rín kọ́lé, kò ní pariwo. Àmánà nìkan ni ó lè so ìwé pọ̀ mọ́ ilé. Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùpa àmánà mọ́. Àmín.