Kòtò Kan, Ewu Kan: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Ìgbìmọ̀ Tó Tún Ìlànà Ìdarí Ọ̀nà Ṣe fún Nẹ́tíwọọkì Fáíbà, àti Ohun Tó Kan Àgọ́-Àrẹ Níbẹ̀

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, SAT-3, ACE, WACS àti MainOne, bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà nítòsí Àbíjàn. Àwọn báǹkì kan ní Nàìjíríà kò rí owó fi ránṣẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Kódífúà, Làìbéríà àti Bẹ̀nẹ̀. Kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà ló ni wáyà wọ̀nyí, kì í sì í ṣe ọdún kan náà ni wọ́n ri gbogbo wọn sómi. Lórí àwòrán, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n. Nísàlẹ̀ òkun, agbègbè kan náà ni gbogbo wọn gbà kọjá. Ilé-iṣẹ́ MainOne ní ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì.

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tó kóra jọ láti kọ́ rúútà, ẹ̀rọ tó ń darí dátà lórí nẹ́tíwọọkì, ní irú ewu báyìí wò, ó sì béèrè ohun tí irú ìlú bí Àgọ́-Àrẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ ATISBO ní Òkè-Ògùn, lè rí mú níbẹ̀. Èrò mi ni pé ìlànà tó dára ti wà nílẹ̀. Òótọ́ nípa kòtò tí a gbẹ́ ni a kò tíì sọ fún un.

Ohun tí rúútà mọ̀

Ọdún 1998 ni John Moy gbé ẹ̀dà OSPF, ìlànà tí rúútà fi ń wá ọ̀nà, tí gbogbo ayé ń lò jáde nínú ìwé ìlànà RFC 2328. Rúútà kọ̀ọ̀kan á kí àwọn tó múlé gbè é, á kéde ipò okùn tó so wọ́n pọ̀, ìkéde náà á sì tàn káàkiri títí àwòrán kan náà yóò fi wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni oníkálukú á fi ìṣirò tí Edsger Dijkstra tẹ̀ jáde lọ́dún 1959 wá ọ̀nà tó yá jù.

Ìmọ́lẹ̀ da ètò yìí rú. Fáíbà kan lè gbé ọ̀pọ̀ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀nà tirẹ̀. Bí OSPF bá ní òun yóò máa kéde wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkéde nìkan á bo nẹ́tíwọọkì mọ́lẹ̀. Àwọ̀ tó gbéra ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà títí dé Ṣakí, àfi bí ẹ̀rọ tó ń pa á dà bá wà lójú ọ̀nà. Pabanbarì rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń yí ìmọ́lẹ̀ láti fáíbà kan sí òmíràn kì í tú u wò, nítorí náà ìkíni àwọn rúútà ní láti gba ibòmíràn.

Bí wọ́n ṣe kóra jọ

Lọ́dún 1999, Daniel Awduche àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbá wá síwájú IETF, àjọ tó ń kọ ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, pé kí a lo ọgbọ́n MPLS, tó ń fi àmì darí dátà, fún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Wọn kì í dìbò ní IETF. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, tó sì ń bá wọn kọ̀wé lórí ímeèlì, ti di ara wọn. Ẹgbẹ́ CCAMP, tó gba iṣẹ́ yìí nínú IETF, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001. RFC 3945 to ètò GMPLS, ìyẹn MPLS tí a mú gbòòrò dé orí ìmọ́lẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ lọ́dún 2004, RFC 4203 sì tún OSPF ṣe lọ́dún 2005.

Àmọ́ àjọ ITU, tí àwọn ìjọba jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ti ń kọ ASON, ètò ìdarí nẹ́tíwọọkì ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ohùn méjèèjì kò sì ṣọ̀kan. CCAMP wá yan ìgbìmọ̀ kékeré kan sí i. Ìwé wọn àkọ́kọ́, RFC 4258, tí Deborah Brungard ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 2005, kò fọwọ́ kan ìlànà kankan; ohun tí ASON ń fẹ́ ló kọ sílẹ̀. RFC 4652 tẹ̀lé e lọ́dún 2006, ó fi àwọn ìlànà tó wà nílẹ̀ wé ohun náà láti mọ ibi tó kù sí. Ọdún 2010 ni àtúnṣe OSPF tó tìdí rẹ̀ yọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìdánwò. Sùúrù wọn yìí wú mi lórí: wọ́n mọ àìsàn kí wọ́n tó já ewé.

Nínú gbogbo ohun tí RFC 4203 fi kún OSPF, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní SRLG ló ṣe pàtàkì jù fún wa. Okùn méjì tó jọ wà nínú kòtò kan, tàbí lórí afárá kan, á jẹ́ nọ́ńbà kan náà, kí rúútà tó ń wá ọ̀nà kejì lè yẹra fún un. Ènìyàn tó mọ ibi tí kòtò gbà ló ń tẹ nọ́ńbà yìí sínú ẹ̀rọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ìṣirò á pé, ọ̀nà á sì já.

Àgọ́-Àrẹ

Àgọ́-Àrẹ kì í ṣe àjèjì sí ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, nígbà tí fóònù alágbèéká kò tíì kárí ìgbèríko, OOCD 2000+, ètò ìdàgbàsókè Òkè-Ògùn, ti gbé ibùdó ìwífún kan, InfoCentre, kalẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, oní-POS ló kọ́kọ́ ń mọ̀ bí nẹ́tíwọọkì bá lọ: owó ti kúrò nínú àkáǹtì oníbàárà, ẹ̀rọ ṣì ń yí, ìwé kò jáde, àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀.

Àárín Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ni ìlú náà wà. Bí ilé-iṣẹ́ méjì bá ri fáíbà wọn sí etí títì kan ṣoṣo yìí, katapílà kan tó ń tún títì ṣe lè gé méjèèjì. Ìlànà kankan kò sì lè wá ọ̀nà kejì níbi tí kò sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbà á kó wà: ọ̀nà wọ Ìsẹ́yìn láti Mọníyà, láti Ọ̀yọ́ àti láti Ògbómọ̀ṣọ́; láti Ṣakí, ọ̀nà tún gba Ìgbòho, Kíṣì àti Ìgbẹ́tì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí fáíbà bá tọ ọ̀nà wọ̀nyí, yóò yí Òkè-Ògùn ká, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá sì já, Àgọ́-Àrẹ á gba ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìjọba àpapọ̀ ti kéde 90,000 kìlómítà fáíbà lábẹ́ Project BRIDGE. Kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò dé ọ̀dọ̀ wa, mo rọ The Oke-Ogun Polytechnic ní Ṣakí àti yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tiwọn, kí àwọn tó ń ṣe títì àti àwọn tó ń ri fáíbà wà níbẹ̀, kí ìwé wọn àkọ́kọ́ sì jẹ́ máàpù gbogbo kòtò, tòun ti nọ́ńbà ewu kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ímeèlì CCAMP ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí nílé síbẹ̀.