Lẹ́tà Mẹ́ta Nínú Àpótí Bàbá Àgbà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ewì ni olóòtú ń retí lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìtàn ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, àpótí kan ló sì fà á.

Mo wà ní SS2 nígbà tí bàbá àgbà mi kú ní Oǹdó. Bí a ṣe ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, bàbá mi fa àpò lẹ́tà mẹ́ta yọ láàárín ìwé ilẹ̀ àti rìsíìtì kòkó. Lẹ́tà yunifásítì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọdún 1976 ló wà lórí wọn: Ìbàdàn, Ifẹ̀, Zaria. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti Bàbá Àkúrẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo ní, "Ẹnì kan, yunifásítì mẹ́ta?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Bí ayé ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn."

Àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000, JAMB la bá láyé. A rò pé ọjọ́ tí wọ́n dá yunifásítì ni wọ́n dá JAMB. Irọ́ ni. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà títí di 1962. Nsukka dé ní 1960. Ifẹ̀, Zaria àti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, Benin tẹ̀ lé wọn ní 1970. Kálukú ló ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀, kálukú ló ń ṣe ìdánwò àbáwọlé tirẹ̀, kálukú ló sì ń kọ lẹ́tà sí ẹni tó bá wù ú. Ẹni tó bá lówó fọ́ọ̀mù àti owó ọkọ̀ lè dán ibi mẹ́rin wò lọ́dún kan. Ẹni tó bá wá rí lẹ́tà mẹ́ta gbà, òun ni yóò jókòó ti bàbá àti ìyá rẹ̀.

Bàbá àgbà mi kò mọ̀wé kà. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, ni bàbá àgbà ní kí ó ka àwọn lẹ́tà náà sókè, torí pé tí ẹni tó ni lẹ́tà bá kà á fúnra rẹ̀, ó lè ka èyí tó wù ú. (Bàbá yẹn gbọ́n o!) Ìbàdàn ni Bàbá Àkúrẹ́ ń fẹ́. Orúkọ ló ń wá. Ìyá àgbà ò fẹ́ gbọ́ Zaria sétí rárá. Bàbá àgbà ní kí wọ́n tún àwọn lẹ́tà náà kà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá béèrè: "Ọkọ̀ mélòó lèèyàn máa wọ̀ láti ibí dé Zaria? Ta la ní ní Ìbàdàn? Ifẹ̀ ńkọ́?"

Ṣé ẹ rí i, kò sí èyí tó kan kọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni Bàbá Àkúrẹ́ fẹ́ kà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní in. Mo fi ìbéèrè yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìgbà tí mo dé ọgbà yìí, tí gàrí tán lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí mi ò sì ní ẹbí kankan nílùú, ni mo mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́ ló parí ẹjọ́. Bàbá àgbà ní, "Kòkó wa ni wọ́n fi kọ́ Ifẹ̀. Ṣé ilé tí mo fi òógùn mi kọ́ ni ọmọ mi máa gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sílé onílé?"

Mo tú ọ̀rọ̀ yìí wò ní láíbìrì, bàbá ò parọ́. Ní 1959, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ gíga, Eric Ashby sì ni alága rẹ̀. Nígbà tí àbọ̀ wọn jáde ní 1960, wọ́n dábàá yunifásítì fún Àríwá, fún Ìlà-Oòrùn àti fún Èkó. Ní ti Ìwọ̀-Oòrùn, Ìbàdàn tó wà níbẹ̀ ti tó lójú wọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fàáké kọ́rí. Wọ́n fẹ́ tiwọn, owó kòkó sì ni òpó tó gbé ìṣúná wọn dúró. Iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kì í tó iye tí kòkó ń pa lókè òkun. Ìyókù ń bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ìbàdàn ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti kọ́kọ́ fìdí jókòó, kó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ìjọba àpapọ̀ sì gbà á ní 1975. Ìyẹn ni pé ní 1976 tí bàbá àgbà ń pè é ní tiwa, ó ti kúrò lọ́wọ́ wa. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Mi ò rò pé wọn ì bá gbà.

Bàbá Àkúrẹ́ lọ sí Ifẹ̀. Lẹ́tà Ìbàdàn àti ti Zaria wọ inú àpótí, kò sì sẹ́ni tó kọ̀wé padà pé ọmọ wa ò ní wá mọ́. Ibí yìí ló dùn mí. Ọ̀pọ̀ ilé ló ṣe bẹ́ẹ̀: ẹnì kan di àyè mẹ́ta mú, ó jókòó sí ọ̀kan, ìyókù ṣófo, ẹni tí ì bá gbà á sì wà nílé tó ń retí pósítà. Àwọn ọ̀gá àgbà yunifásítì pariwo títí, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ M. S. Angulu, òfin kejì ọdún 1978 sì dá JAMB sílẹ̀. Ìdánwò kan fún gbogbo wọn, àyè kan fún ẹnì kan.

Bàbá mi wà lára àwọn tó ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ náà ní 1978. Máàkì wọn ò tó. Wọ́n tún ṣe é ní 1979. Nígbà tó yá, wọ́n gba ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lọ, wọ́n sì fi ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó ka lẹ́tà mẹ́ta sókè fún ẹlòmíì, kò rí ọ̀kan gbà fúnra rẹ̀.

Lóde òní, orí fọ́ọ̀mù ni òbí ti ń bá ọmọ yan ilé ìwé, kí ọmọ tó jókòó ṣe ìdánwò rárá. Èmi àti bàbá mi kọ Lọ́ọ̀ síbẹ̀. Nígbà tí èsì dé, Yorùbá ni wọ́n fún mi. Láti 2017 ni JAMB ti ń fi àyè hàn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà tàbí òun kọ̀. A wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, màmá mi wà lórí fóònù: "Kí ló fẹ́ fi Yorùbá ṣe? Ṣé kò gbọ́ Yorùbá tẹ́lẹ̀ ni?"

Bàbá mi ò dá wọn lóhùn. Èmi ni wọ́n kọjú sí. "Tó o bá kọ̀ ọ́, ṣé wọ́n á mọ̀ pé o kọ̀ ọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lójú ẹsẹ̀ ni.

"Wọ́n á sì lè fún ẹlòmíì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n dákẹ́. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o fẹ́ ẹ?"

Mo ní mo fẹ́ ẹ. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tẹ lẹ́tà náà jáde, ó gba igba náírà. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wọ awò wọn, wọ́n sì kà á sókè láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú ohùn tíṣà, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó tì wọ́n tí kò mọ̀wé.