Ìtàn Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́fà

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, bí ìyá bá fi ẹnu ko ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ní iwájú orí, tí ó sì tọ́ iyọ̀ wò níbẹ̀, àwọn àgbà a máa sọ pé ọmọ náà kò ní í dàgbà. Wọn kò mọ orúkọ ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n wọn kò purọ́. Àrùn tí àwọn oníṣègùn wá ń pè ní cystic fibrosis ni. Òun náà ni ó wà nídìí sinimá Five Feet Apart, tí Justin Baldoni darí, tí wọ́n sì gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹta ọdún 2019. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Stella, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Will, pàdé ní ilé ìwòsàn, ìfẹ́ sì wọ àárín wọn; ṣùgbọ́n òfin ni pé àlàfo tí ó wà láàárín wọn kò gbọdọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn àrùn náà lè rò pé òǹkọ̀wé ni ó hùmọ̀ òfin yìí kí omijé lè bọ́ lójú òǹwòran. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Obìnrin kan, Dorothy Andersen, ni ó fi àrùn náà hàn gẹ́gẹ́ bí àrùn tí ó dá dúró. Wọ́n ti kọ̀ láti gbà á sí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ nítorí pé obìnrin ni; ó wá di ẹni tí ń yẹ òkú wò ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní New York. Níbẹ̀ ni ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ kan wà tí a ti pe àrùn wọn ní àìlè-da-oúnjẹ lásán, bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó ki bí oje igi ti dí ẹ̀dọ̀fóró wọn pa. Ní ọdún 1938 ó kọ̀wé lórí ọmọ 49 irú wọn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ooru líle mú ní ìlú náà, Paul di Sant'Agnese sì rí i pé ooru ń dá àwọn ọmọ alárùn yìí wó ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Wọ́n yẹ òógùn ara wọn wò, nígbà tí ó sì di ọdún 1953, ó hàn gbangba pé iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ rékọjá. Ohun tí ètè ìyá ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

Ọ̀nà tí ọmọ ń gbà jogún àrùn yìí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ ní Nàìjíríà, nítorí pé bákan náà ni ti àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde: bàbá àti ìyá tí ara wọn le koko lè ní àbùkù kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀jẹ̀, kí oyún kọ̀ọ̀kan sì ní ewu ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọdún 1989 ni Lap-Chee Tsui àti John Riordan ní Toronto, pẹ̀lú Francis Collins ní Michigan, rí ojú ibi tí àbùkù náà wà gan-an. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o. Alárùn fòní-kú-fọ̀la-dìde méjì lè jókòó ti ara wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìsí ewu. Ọmọ tí wọn yóò bí ni a ń rò. Ní ti àrùn kejì yìí, èémí olólùfẹ́ fúnra rẹ̀ ni ewu.

A kò tètè mọ èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ náà jọ sí àgọ́ ìsinmi, tí wọ́n jọ ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n jọ ń sùn, tí ọmọ tí ó rò pé òun nìkan ni ń wúkọ́ báyìí láyé sì ń rí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ní Toronto bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù kòkòrò kan, Burkholderia cepacia, tí kì í sábà ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ní nǹkan, ṣùgbọ́n tí ó lè run ẹ̀dọ̀fóró alárùn yìí, tí apá egbòogi kì í sì í tètè ká. Láti ara ọmọ kan ni ó ń ràn mọ́ èkejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ti àwọn àgọ́ náà pa. Ẹsẹ̀ bàtà 3 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí àárín wọn. Ìlànà ọdún 2013 ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di 6.

Kòkòrò yìí ni ó wà lára Will, ẹ̀dọ̀fóró tuntun sì ni Stella ń retí. Inú bí ọmọbìnrin náà sí gbogbo ohun tí àrùn ti jí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun yóò jí ẹsẹ̀ bàtà 1 padà. Ibẹ̀ ni orúkọ sinimá náà ti wá. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọ̀dọ́ kankan mú un lò, nítorí pé ẹ̀mí àwọn ọmọ ni a fi ra ẹsẹ̀ bàtà náà. Àwọn alárùn kan pàápàá bá àwọn tí ó ṣe é wí. Síbẹ̀, ó ní òótọ́ nínú. Claire Wineland, tí àrùn náà ń bá jà láti ìgbà ìbí, ni ó gba olùdarí nímọ̀ràn. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ní ọmọ ọdún 21, lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí sinimá náà tó jáde. Nínú eré náà, yìnyín orí omi fọ́ mọ́ Stella lẹ́sẹ̀, ó rì. Will fà á jáde, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, kì í ṣe láti fi ìfẹ́ hàn, bí kò ṣe láti fẹ́ èémí sí i nínú. Nígbà tí Stella sì gba ẹ̀dọ̀fóró tuntun tán, ẹ̀yìn gíláàsì ni Will ti dágbére fún un.

Oṣù méje lẹ́yìn tí sinimá náà jáde, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí egbòogi Trikafta, tí ó lè ran nǹkan bí alárùn mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ́wọ́. Iye tí wọ́n dá lé e lé ní 300,000 dọ́là lọ́dún. Láti ìgbà náà ni iye àwọn tí ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró nítorí àrùn yìí ti dín kù gidigidi ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 6 ṣì wà láàárín wọn.