Ejò kékeré inú àpò

Bí àwa bá rí ejò, a máa ń pa á, tàbí kí á sá fún un. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti wá ejò nínú igbó, kí wọ́n mú un láàyè, kí wọ́n sì ya fótò rẹ̀. Ìtàn ọ̀kan nínú wọn ni a mú wá lónìí.

Orúkọ rẹ̀ ni Joe Slowinski, ará Amẹ́ríkà. Ó lọ sí ilẹ̀ Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar nísinsìnyí, lọ́pọ̀ ìgbà láti wá ejò. Ní ọdún 2000, òun àti Wolfgang Wüster kọ̀wé nípa irú sèbé kan ní ilẹ̀ náà, tí àwọn onímọ̀ kò tíì fún lórúkọ rí.

Kí ni wọ́n ń fi fótò ejò ṣe? Bí wọ́n bá kó òkú ejò sínú ọtí líle kí ó má baà jẹrà, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá. Fótò ni a fi ń mọ bí àwọ̀ rẹ̀ ti rí nígbà tó wà láàyè. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi ejò pamọ́ sínú àpò aṣọ títí wọn yóò fi yà á.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, Slowinski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó ní àríwá Bọ́mà, nínú òjò. Ní àárọ̀ ọjọ́ 11, ó ki ọwọ́ bọ inú àpò kan. Wọ́n rò pé ejò tí kò ní oró ló wà níbẹ̀. Ejò kékeré náà bù ú jẹ ní ìka.

Krait ni ejò náà. Ara rẹ̀ ní ìlà dúdú àti funfun, bíi ti ejò kan tí kò ní oró. Ìbùjẹ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Ṣùgbọ́n oró rẹ̀ máa ń sọ ara di rírọ, títí ènìyàn kò fi ní lè mí mọ́.

Slowinski mọ èyí. Ó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí èémí rẹ̀ dá, wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, wọ́n ń gbà á fún ara wọn, títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn kan lọ ké sí ìjọba, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó kú ní ọjọ́ kejì, ní ọmọ ọdún 38.

Ẹ̀yin ará, ọkùnrin yìí mọ ejò ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣáájú ojú rẹ̀ wọ inú àpò. Àwa náà ń ki ọwọ́ bọ ihò eku, abẹ́ igi ìdáná àti inú àpò àgbàdo. Ẹ jẹ́ kí ojú kọ́kọ́ wò, kí ọwọ́ tó tẹ̀lé e. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, bó ti wù kí ejò náà kéré tó, ẹ má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, ẹ má fa oró náà lẹ́nu. Kí onítọ̀hún má rìn kiri. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.